Ọjọ́ tí mo rí onílù àwọn Rolling Stones

 Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1998.

Onílù ni bàbá mi ní Kétu. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń lù. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi a máa pè mí ní ọmọ alágbe. Ojú a máa tì mí. Nígbà tí mo dé Paris, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní iṣẹ́ bàbá mi, mo máa ń sọ pé àgbẹ̀ ni. Bàbá ní oko lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo fi pamọ́.

Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni mò ń ṣe. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ra tíkẹ̀ méjì láti lọ wo àwọn Rolling Stones, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, ló bá fún mi ní ọ̀kan. N kò mọ orin wọn. Mo tẹ̀lé e nítorí pé ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ 25 oṣù keje ni. Pápá Stade de France ní Saint-Denis, lẹ́bàá Paris, ni a lọ. Pápá tuntun ni. Ọjọ́ 13 ṣáájú ni Faransé na Brazil níbẹ̀, 3 sí 0, tí wọ́n fi gba ife àgbáyé. Àwọn Rolling Stones sì ni olórin àkọ́kọ́ tó ṣeré níbẹ̀.

Ha! Ẹ wo èrò! Nígbà tí gìtá oníná dún, ó dún dé inú àyà mi. Mick Jagger ń sáré, ó ń fò. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni yóò pé ọmọ ọdún 55, ṣùgbọ́n ẹ ó rò pé ọmọ ogún ọdún ni. Keith Richards àti Ron Wood ń ta gìtá. Gbogbo ènìyàn ń wo àwọn mẹ́ta yìí.

Èmi kò wò wọ́n pẹ́. Ẹ̀yin lọ́hùn-ún ni ojú mi wà, lára onílù. Charlie Watts ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 57. Ìlù rẹ̀ kò pọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò pariwo. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń lù. Bí Jagger bá sáré lọ, ìlù ni yóò padà wá bá. Mo sọ nínú ara mi pé: bí bàbá mi ṣe ń jókòó nìyí!

Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí a ń padà, ọ̀rẹ́ mi sọ ìtàn wọn fún mi. Ní ọdún 1961, Jagger àti Richards pàdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní ìlú wọn, Dartford. Jagger mú àwo orin Chuck Berry àti Muddy Waters dání. Ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Orin yìí ló so àwọn ọmọkùnrin náà pọ̀. Ní ọdún 1962, wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní London. Inú orin kan tí Muddy Waters gbé jáde ní 1950 ni wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ní 1981, nígbà tí wọ́n ti lówó, tí gbogbo ayé ti mọ̀ wọ́n, wọ́n lọ bá a ní Chicago, wọ́n sì bá a kọrin.

Ta ló dá irú orin yẹn sílẹ̀? Ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni. Ouidah, lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ni àwọn kan nínú wọn ti wọ ọkọ̀.

Mo dákẹ́. Òyìnbó kò tijú láti dárúkọ ènìyàn dúdú tó kọ́ wọn. Èmi ń pe bàbá mi ní àgbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé: "Bàbá tìrẹ ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Mo ní: "Onílù ni."

Ní 1999, mo padà sí Kétu. Mo kúnlẹ̀, mo ní: "Bàbá, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi ní ìlù." Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ọwọ́ rẹ ti le. Mú ọmọ rẹ wá."

Ọmọ mi ló kọ́ ọ. Èmi lọ sí kíláàsì alẹ́. Mo mọ Faransé kọ, ṣùgbọ́n n kò mọ Nàgó kọ. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n kọ tán, mo jókòó ti bàbá, mo kọ orúkọ gbogbo ìlù tí wọ́n mọ̀ sínú ìwé, àti ìgbà tí a ń lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá kú ní 2004. Ìwé náà wà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Charlie Watts kú ní London, ọmọ ọgọ́rin ọdún. Rédíò ni mo ti gbọ́. Mo ní kí ọmọ mi gbé ìyáàlù bàbá jáde, kí ó lù ú díẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ̀yin ará mi, ta ló kọ́ yín ní iṣẹ́ tí ẹ mọ̀? Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí.