Ìrìn Wa ní Savannah, Ìlú Etí Odò

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn tó kọjá pé Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta ìdílé mi lọ́rẹ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, àti pé èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi lọ kí ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ yín ló ti bá wa yọ̀. A dúpẹ́, ilé oníkálukú kò ní dí òfo. Ohun tí n kò tíì ròyìn rẹ̀ tán ni ti ìlú kan tí ọmọ mi fi mọ́tò gbé wa lọ nígbà tí ìyá ìkókó ti lè jáde. Savannah ni orúkọ ìlú náà. Àwọn àgbà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ a máa ṣú.

Orí bèbè gíga ni ìlú náà wà, létí odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bèbè ọ̀hún ga tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn òkúta ni a sì fi ń sọ̀kalẹ̀ lọ sójú omi. Orúnkún mi kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú títì nísàlẹ̀ kì í ṣe òkúta ilẹ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ ló rù wọ́n wá láti òkè òkun kí ọkọ̀ má baà fúyẹ́ jù lórí ìgbì. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, wọ́n a da òkúta sílẹ̀, wọ́n a kó òwú lọ. Lónìí, ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ga ju ilé alájà lọ. Ọmọ ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ka àpótí irin tó wà lórí ọ̀kan títí ó fi sú u.

Inú ìlú kún fún gbàgede, tí igi ńláńlá ṣíji bò. James Oglethorpe, tó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ ibẹ̀ dó ní oṣù Féúrárì 1733, ló ti la ìlú náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni gbàgede náà jẹ́ rí, méjìlélógún ló kù. Ohun kan wà tó ń so rọ̀ lára igi wọn bí irùngbọ̀n arúgbó. N kò gbàgbọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ìbátan ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ní ìlú yìí, mímú àlejò kiri jẹ́ òwò bí aṣọ títà ti jẹ́ òwò lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan ń fi ẹṣin fa ọkọ̀, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn kan ní bọ́ọ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kódà, mo rí ọkọ̀ tí a fi ń gbé òkú tẹ́lẹ̀: wọ́n gé òrùlé rẹ̀ kúrò, wọ́n wá ń fi í gbé alààyè kiri lálẹ́ láti lọ wo ilé tí wọ́n ní iwin wà. Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí wọ́n má fi owó òun wá iwin. Bọ́ọ̀sì la wọ̀.

Títí di ọdún 2015, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìlú náà han àlejò kí ó sì gbowó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò lórí ìtàn ìlú kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn kan pe ìjọba ìlú lẹ́jọ́ pé kò yẹ kí ìjọba máa yan ẹni tí yóò sọ ìtàn. Lọ́dún náà ni wọ́n pa òfin ọ̀hún rẹ́. Lójú tèmi, ó dára kí ẹni tó ń gbowó mọ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n ìdánwò kò lè mú ènìyàn sọ ohun tí kò fẹ́ sọ, mo sì rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́yàyà ni amọ̀nà wa, ẹnu rẹ̀ dùn, a rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀fẹ̀ rẹpẹtẹ ròyìn bẹ́ǹṣì kan tí òṣèré jókòó lé lórí nínú sinimá kan tó jáde ní 1994, bẹ́ẹ̀ bẹ́ńṣì náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ òwú, ó sọ iye ilé tí owó òwú kọ́, ó sì sọ ti ilé tí wọ́n kọ́ ní 1887 fún àwọn tó ń dá owó lé òwú. Ẹni tó ń gbin òwú náà, tó sì ń já a, kò dárúkọ wọn. Ọmọ mi wò mí, mo wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó sọ tó mú mi lọ́kàn ṣá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọn kò bá ilẹ̀ lófìfo. Tomochichi, olórí àwọn Yamacraw, ló gbà wọ́n lálejò, tó bá wọn mulẹ̀. Nígbà tó kú ní 1739, inú gbàgede kan láàárín ìlú ni wọ́n sin ín sí pẹ̀lú ọlá, Oglethorpe fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbé pósí. Ní 1883, àwọn ará ìlú gbé ọwọ̀n ńlá kan dúró sí ibẹ̀ fún olówó kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ojú irin. Ìgbà tó di 1899 ni àwọn obìnrin kan tó gbé àpáta kan sí ẹ̀gbẹ́ gbàgede náà kí orúkọ Tomochichi má baà parẹ́. Àwa tí a jẹ́ àtìpó, tí àwọn bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wá, tí onílẹ̀ fi àyè gbà, a mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí fìlà lẹ́bàá àpáta náà. Àwọn òyìnbó kan ń wò mí. Kò kàn mí.

Ní ọjọ́ kejì, a kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Ọmọ mi kọ́kọ́ mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì First African Baptist, tí ìjọ rẹ̀ sọ pé 1773 ni àwọn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹrú ló fi bíríkì kọ́ ilé ìsìn náà lóru, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ olówó wọn tán lọ́sàn-án. Ó parí ní 1859. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ló ń mú àlejò kiri ibẹ̀. Ẹni tiwa fi àwọn ihò kéékèèké hàn wá lára pákó ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló ń gba inú ihò wọ̀nyí wọlé fún àwọn ẹrú tó sá, tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ihò náà, kò sọ ohunkóhun títí a fi jáde.

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé Owens-Thomas, tí wọ́n kọ́ ní 1819. Ní ẹ̀yìnkùlé, àjà yàrá tí àwọn ẹrú ń gbé ṣì ní ọ̀dà aró lára, èyí tí wọ́n gbà pé ó ń lé ẹ̀mí burúkú. Wọ́n sọ fún wa pé ẹlú wà nínú ohun tí wọ́n fi pò ó. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti rẹ aró rí, ẹ̀yin ìbá kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ni, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tó kẹ́yìn wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì àná kò yà sí. Pápá eré ẹṣin ni ibẹ̀ jẹ́ ní 1859. Olówó kan tó ń jẹ́ Pierce Butler ta tẹ́tẹ́ títí ó fi jẹ gbèsè. Láti san án, ó kó àwọn ẹrú rẹ̀ wá síbẹ̀ láti tà wọ́n ní gbàǹjo. Orúkọ ènìyàn 436 ló wà nínú ìwé tí wọ́n pín fún àwọn oníbàárà. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta oṣù Máàṣì ni wọ́n tà wọ́n, òjò sì rọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì. Nígbà tí ó parí, Butler fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní dọ́là kan, owó wẹ́wẹ́ tuntun tó ń dán, ó ní kí wọ́n máa lọ. Lóòótọ́ wọ́n ṣètò pé kí wọ́n má ya tọkọtaya, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n lọ síhìn-ín, àbúrò lọ sọ́hùn-ún, ìyá àgbà kò rí ọmọ ọmọ mọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà ń pe ọjọ́ wọ̀nyí ní Ìgbà Ẹkún. Ní 2008 ni ìlú tó gbé àkọlé kan síbẹ̀.

Bàbá ọmọ ń ka àkọlé náà sókè, ó sì fi ohun tí òun mọ̀ kún un: pé ènìyàn 429 ni wọ́n tà nígbẹ̀yìn, àti pé owó tó wọlé jẹ́ 303,850 dọ́là. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ṣírò. Ó ní, “Bàbá àgbà, ó lé díẹ̀ ní 700 dọ́là fún ẹnì kan. Ṣé ọmọdé náà tó bẹ́ẹ̀?” Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ, n kì í pẹ́ dá oníbàárà lóhùn bó bá bèèrè iye owó. N kò rí èsì fún ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ gbé ìkókó mọ́ra, ó padà sínú mọ́tò.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a tún gba etí odò. Ère kan wà níbẹ̀ láti 2002: bàbá, ìyá àti ọmọ méjì dì mọ́ra wọn, ẹ̀wọ̀n já sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí ère yẹn àti ọ̀rọ̀ tí Maya Angelou kọ sí i, nítorí àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà yóò ba àlejò nínú jẹ́. Ó kúkú bà mí nínú jẹ́, mo sì dúpẹ́ pé wọn kò yọ ọ́ kúrò.

Ọmọ mi ròyìn ọkùnrin kan fún mi, W. W. Law, akólẹ́tà kiri ní pósítọ́fíìsì. Òun ló ṣe olórí ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú náà láti 1950 títí di 1976. Wọ́n lé e níṣẹ́ ní 1961 nítorí rẹ̀, wọ́n tún dá a padà. Lẹ́yìn náà ni ó dá ìrìn tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń mú ènìyàn lọ sí àwọn ibi tí àwọn amọ̀nà yòókù kì í yà sí. Ó kú ní 2002. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà kiri gbogbo ojúlé, ta ló tún lè mọ ìlú jù ú lọ?

Ó tún sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Lorenzo Dow Turner, tó kọ ìwé kan jáde ní 1949 lórí èdè àwọn aláwọ̀ dúdú etíkun àti erékùṣù agbègbè yẹn. Ó rí ọ̀rọ̀ àti orúkọ Yorùbá pẹ̀lú ti àwọn ẹ̀yà mìíràn lẹ́nu wọn, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wọn rí. Ní 1951 ó wá sí Ìbàdàn láti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Mo ronú kan àwọn ọmọ wa níhìn-ín, tí ó jẹ́ pé ìwọ̀nba ilẹ̀ ló yà wọ́n sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí a bá sọ “ẹ káàárọ̀” sí wọn tí wọ́n fi Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ẹ̀bi wọn kọ́.

Mo ti bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Ọjà Ńlá Jos tó jóná ní 2002, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò bá a láyé. Wọn kò mọ ibi tí ìsọ̀ bàbá àgbà wọn wà, wọn kò mọ ìdí tí a fi ń pe Terminus ní Terminus. Bí àwọn òbí bá gbà, èmi yóò mú wọn rìn ní Sátidé kejì lẹ́yìn ìpàdé, láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ sí àyíká ọjà, n óò sì sọ èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Ẹni tó bá mọ ilé tàbí ìsọ̀ tí mo lè gbàgbé, kí ó wá sọ fún mi ṣáájú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú omi dání, kí ó sì wọ bàtà tó ṣeé rìn.

Ìkókó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní kí n kí gbogbo yín.