Omi Aró: Ó Tòrò, Ṣé Ó Mọ́?

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí á pe aró tí a ń dà sódò?

Ní Ìrókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lẹ́bàá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ń pa aṣọ láró. Ewé èlú àti omi eérú ni àwọn ìyá tiwọn fi ṣe é. Ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ti Jámánì gbé èlú àtọwọ́dá wá sọ́jà. Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan yí padà. Lónìí, aró inú agolo àti sódà ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò. Púpọ̀ nínú àwọn aró wọ̀nyí kì í tètè jẹrà, wọn kì í sì í jẹ́ kí oòrùn dé ọ̀dọ̀ ewéko inú odò. Síbẹ̀, n kò lè ní kí wọ́n ṣíwọ́: iṣẹ́ náà ni wọ́n fi tọ́ ọmọ.

Àtúnṣe kan wà lẹ́yìnkùlé wa: èso mòríńgà, igi tí àwọn kan ń pè ní ewé ilé. A ó bó o, a ó gún un kúnná, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì dà á sínú omi aró. A ó rò ó kíákíá, lẹ́yìn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Purotéènì inú rẹ̀ a máa fa ọ̀pọ̀ irú aró mọ́ra. Wọn á dì pọ̀, wọn á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àwọn obìnrin Sudan ti ń fi í tọ́jú omi odò Náílì tipẹ́. Èédú tí a fi èèpo èkùrọ́ tàbí èèpo kòkó ṣe náà ní ihò wẹ́wẹ́ tí í gbá aró mú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí pé, “Ṣé a lè mu ún?” Mo ní, “Rárá o, Mà. Ó tòrò ni, kò mọ́.” Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kí onímọ̀ kẹ́míkà tó dé. Mòríńgà kì í mú sódà kúrò. Bí a bá sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sódò, asán ni gbogbo làálàá wa.

Ẹni tí ń kọ́ Yorùbá, má fi tòrò pe mọ́.