Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Ló Ń Ṣe É

Ní Àgbàdo Òkè-Odò tiwa níbí, bí ọkùnrin bá fi lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nǹkan òun kò dìde mọ́, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí kì í bá ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, a jẹ́ pé ayé ni. Ìyá alágbo yóò da oògùn alẹ́ sínú ife kékeré, ọkùnrin náà yóò gbé e mì, yóò fajú ro, yóò sì máa lọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bi í pé báwo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe wà.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ti mu irú agbo yìí fún oṣù mélòó kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ ọkùnrin mìíràn ló rí lórí fóònù ìyàwó rẹ̀. Àwọn ẹbí dá sí i, ìyàwó kúnlẹ̀, òun náà sì ní òun ti dárí jì í. Ẹnu ló sọ bẹ́ẹ̀. Ara kò gbà. Nígbà tó gbọ́ pé sáíkọ́lọ́jì ni mò ń kà, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò, bí mo bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ọkùnrin yẹn ni mò ń rí. Màá máa rò ó pé ṣé ó jù mí lọ ni. Kí n tó mọ̀, gbogbo nǹkan ti kú."

Ó nira fún mi láti bi àgbà ní ohun tí mo bi í tẹ̀lé e: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé ó máa ń le tí ẹ bá jí láàárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa.

Ìdáhùn yẹn wúlò ju gbogbo agbo tó mu lọ. Lójú oorun, ara ọkùnrin tó ní ìlera máa ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóru kan. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lójú oorun tí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́. Inú ọkàn ni kí a ti wá a. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ inú ẹ̀yà ara yìí ló ń mú un le, kí ó sì tó ráyè wọlé, ara gbọ́dọ̀ balẹ̀. Ìbẹ̀rù, ìtìjú àti ìbínú máa ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn yóò sì fún ọ̀nà náà pọ̀. Ta ni ajá ń lé tí ara rẹ̀ ń ronú ìfẹ́?

William Masters àti Virginia Johnson kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1970 pé ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà pé òun lè kùnà máa ń di òǹwòran ara rẹ̀ lórí ibùsùn. Ti ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ yan àlè tún burú jù, torí òǹwòran di méjì: òun fúnra rẹ̀, àti ọkùnrin kejì tí kò sí nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ba àwọn ọkùnrin tó ń yan àlè náà, kí ó má dà bíi pé obìnrin nìkan ni mò ń bá wí. Ẹ̀rí ọkàn máa ń ṣe ohun kan náà. Ọkùnrin yóò ti ọ̀dọ̀ àlè dé, kò ní lè wo ojú ìyàwó rẹ̀, ara náà yóò sì kọ̀. Lọ́dọ̀ àlè pàápàá, ìbẹ̀rù mágùn ń bẹ. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ fíìmù Thunderbolt tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Ẹ rántí pé ìfura lásán ló mú ọkọ inú rẹ̀ fi mágùn sára ìyàwó rẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ó wà tàbí kò sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó gbà pé ó wà, tó sì ń lọ bá ìyàwó oníyàwó, ọkàn rẹ̀ kò lè balẹ̀.

Viagra tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1998 kò ṣe ju kí ó ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìfẹ́ bá ti kọ́kọ́ dé. Kò lè dá ìfẹ́ sílẹ̀. Agbo tí a fi ọtí rẹ ńkọ́? Ọtí àmujù fúnra rẹ̀ ń pa ara ọkùnrin.

Kì í ṣe pé kí a fojú fo ara o. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń fa akúra, nítorí náà kí ọkùnrin kọ́kọ́ lọ yẹ méjèèjì wò. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìgàndò. Bí ibẹ̀ bá mọ́, ó ku dókítà ọkàn. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ẹ bá dárúkọ Yábàá fún ọkùnrin Àgbàdo, yóò ní, "Ṣé mo ti ya wèrè ni?"

Bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ náà sábà máa ń ní kí tọkọtaya ṣe kò ní abẹ́rẹ́ nínú. Wọn a ní kí wọ́n pa ìbálòpọ̀ tì fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n kàn máa fọwọ́ kan ara wọn, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Kò sí ìdánwò, kò sí máàkì. Wọn a sì fẹ́ kí ọkùnrin sọ ohun tó ń rí nígbà tó bá dijú, kí ìyàwó jókòó kí ó gbọ́ ọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo rí i pé àwọn ọkùnrin ń sá fún jù. Ó yá ọ̀pọ̀ wọn lára láti mu agbo kíkorò fún ọdún kan ju kí wọ́n sọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan lọ.