A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìjẹ̀bú-Òde ṣe ibùdó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kó yáa mọ̀ pé ìlú yìí kò ní kọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìwé kan ń tẹ̀lé òmíràn, akọni kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi ń jẹun, òru ni mo fi ń kọ̀wé. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí ojú mi ti rí níbẹ̀ nìyí.

Èmi kọ́ ni mo la ọ̀nà. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Lápàdé jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì tún mú un padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kó tó di ẹni tó ń fúnra rẹ̀ lé ọ̀daràn kiri. Kọ́lá Akínlàdé, ọmọ Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, fún wa ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akin Olúṣínà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ girama, James Hadley Chase ni a máa ń yá ara wa lábẹ́ tábìlì títí ẹ̀yìn ìwé á fi já. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Chase, inú máàpù àti ìwé atúmọ̀ èdè ló ti ṣa púpọ̀ nínú Amẹ́ríkà tó ń ròyìn. Ta ni yóò já a nírọ́ nínú wa? Èmi kò láǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ìwé mi lọ́jà Òkè-Ajé mọ iye ẹsẹ̀ tó wà láti ibẹ̀ dé Fọlágbadé.

Ìbéèrè ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òyìnbó á wọlé, á jókòó, á ní, “Níbo lo wà lálẹ́ àná?” Tí ọmọ ẹni bá bi àgbà Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Akọni mi kì í ṣe ọlọ́pàá, kò lè gba ìwé àṣẹ láti tú ilé onílé, kò sì ní àtìmọ́lé tó lè fi dẹ́rù bani. Ìkíni nìkan ló ní. Mo wá fi ìkíni ṣe irinṣẹ́ rẹ̀.

Nínú ìwé kan, ó lọ bá ìyá kan nídìí gàrí dídín. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú èéfín.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ kú iná.”

“Óò. Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Pòròguń ni mí, mà.”

“Pòròguń, nílé ta ni?”

Ó dárúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ìyá ń fi àjákù igbá da gàrí sọ́tùn-ún sósì nínú agbada, ó ń sọ bí gbágùúdá ṣe wọ́n, ó ń sọ orúnkún tó ń dùn ún. Nígbà tó yá, ó bu gàrí sí i lọ́wọ́ pé kó tọ́ ọ wò. Gàrí náà kan débi pé ojú rẹ̀ fún pọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í kan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan: wọ́n ti ní láti rin gbágùúdá rẹ̀, kí wọ́n dì í sápò, kó wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dénú agbada. Ọmọ ìyá yìí, tí wọ́n fura sí, sì ti sọ ní tèṣán pé àná ni wọ́n rin ín, pé ìdí ẹ̀rọ ni òun wà láti àárọ̀ dalẹ́. Akọni mi dúpẹ́, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó jáde. Kò bi ìyá ní ìbéèrè kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tó le jù dé. Obìnrin kan tó máa ń ka ìwé mi dá mi dúró lọ́jà: “Tíṣà, ọkùnrin tí ẹ sọ sẹ́wọ̀n yẹn, ta ló wá ń san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀?” N kò rí èsì fún un. Ìtàn tèmi ti parí síbi tí wọ́n ti wọ ọkùnrin náà ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tirẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Arthur Conan Doyle kọ ìwé gígùn mẹ́rin àti ìtàn kúkúrú 56 nípa Sherlock Holmes, ekukáká ni Holmes fi ń tún pàdé ìyàwó ẹni tó mú. London fẹ̀. Àmọ́ níbí, ẹni tí o mú lánàá ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àna, ó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí wọ́n jọ ń dá aṣọ fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìwọ náà ní tìrẹ, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà ni yín.

Ìbéèrè obìnrin yẹn ni mo fi kọ ìwé tó tẹ̀lé e. Níbi ìnáwó kan, ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n náà ń pín ìkọ́kọrẹ́. Ó gbé abọ́ fún ẹni tó wà lọ́tùn-ún akọni mi, ó gbé fún ẹni tó wà lósì rẹ̀, ó sì kọjá lọ. Gbogbo ìjókòó rí i. Láti ọjọ́ náà, ilé tí wọ́n ti ń fún akọni mi lómi mu tẹ́lẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Precious Ramotswe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Botswana tí Alexander McCall Smith gbé jáde ní 1998, náà ń fi ìkíni àti tíì ṣèwádìí, ìwé rẹ̀ sì ti lé ní ogún. Bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mò ń jowú: àwọn ará Gaborone fẹ́ràn rẹ̀ sí i ni. Ìlú tèmi a máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá tú àṣírí.

Èmi tí mò ń kọ̀wé náà san tèmi. Àgbà kan nínú ẹbí wa ránṣẹ́ pè mí, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ni mo gbé sínú ìwé. Mo búra pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbọ́, kò gbà. Ọdún yípo kó tó dáhùn ìkíni mi. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan ẹjọ́ tí olùpẹ̀jọ́ tàbí olùjẹ́jọ́ rẹ̀ ṣì wà láyé. Bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni mò ń mú, n kì í mú ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Ìmọ̀ràn mi fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ dáwọ́ lé e kò gùn. Kó ní ìwé kan lọ́tọ̀ tó ń kọ ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ akọni rẹ̀ sí. Bí ìtàn kan bá ti parí, kó fa igi lé orúkọ àwọn tí kò ní dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Orúkọ tó bá ṣẹ́ kù ni yóò fi ṣe ìwé tó ń bọ̀. Nígbà tí kò bá ku ẹnì kan mọ́, kó má wulẹ̀ wá ìbọn tàbí jàǹbá ọkọ̀ tí yóò fi pa akọni. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kó lọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn.