Èwo Ni Kí N Ṣe Àmín Sí?

Ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ àdúrà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó dákẹ́. Ìyá ní kí ọ̀nà là fún ọ, o ní àmín. Ó ní o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, o ní àmín, kódà kí búrẹ́dì kún ẹnu rẹ. Bí ọmọ bá dákẹ́, ìyá á béèrè bóyá ó gbọ́. Bó bá tún dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan míì nìyẹn. Ẹni tó bá wá ti kúrò nínú ẹ̀sìn tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pè é láti Ayépé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ìṣòro tirẹ̀ kọjá bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí. Èwo nínú àdúrà yìí ni kó ṣe àmín sí?

Èmi ni ẹni yẹn. Ó ti tó ọdún méje tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn, bí a bá yọ ìgbéyàwó àti ìsìnkú kúrò. Bí a ṣe máa ń ṣe é rèé: màmá mi á bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́, mo ní àmín. Á bọ́ sórí ọ̀nà Èkó àtàwọn awakọ̀ tó ń sáré àsápajúdé, mo ní àmín gidi, torí mo mọ ọ̀nà yẹn. Á dé orí owó, àmín tó lọ́ọ̀rìn. Á wá rẹ ohùn sílẹ̀, á ní kí Olúwa dá ẹni tó ń ṣáko lọ padà sínú agbo. Ibẹ̀ la máa ń dákẹ́ sí, èmi àti ẹ̀. Mo máa ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìnkùlé wọn. Tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ á ṣe àmín náà fún mi, á sì béèrè ohun tí mo jẹ sùn lálẹ́ àná.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ti rí ọgbọ́n ta sí i. Àmín lòun ń ṣe sí gbogbo ẹ̀ pátá. Ó ní ṣebí àmín kì í jẹ dátà. Ó tilẹ̀ sọ fún màmá pé òun ti rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó dáa níbẹ̀. N kò bá a wí, torí irọ́ yẹn ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 383, ní Carthage, lápá ibi tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ jápa lọ sí Róòmù. Ìyá rẹ̀, Mọ́níkà, tó ti ń sunkún gbàdúrà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tẹ̀ lé e dé èbúté, ó ní àfi kó bá òun padà sílé tàbí kí àwọn jọ lọ. Ọmọ ní òun kàn ń sin ọ̀rẹ́ òun tó ń dúró de afẹ́fẹ́ ni. Ó rọ ìyá pé kó lọ sùn sí ilé àdúrà kan nítòsí. Ọkọ̀ gbéra lóru, ọmọ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ìyá ń ké létí òkun.

Augustine ni ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 387, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Milan, ìyá rẹ̀ sì kú lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ìtàn yìí, torí ó parí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní tèmi, òru ọjọ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé: ìyá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ má gbé ọmọ òun lọ, ọkọ̀ sì ń lọ.

Bí àdúrà bá mọ sórí fóònù, kò burú. Lọ́dún tó kọjá, àǹtí mi kan jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ń ka orúkọ mi níbi ìṣọ́ òru. Àwọn ìyá ló kó orúkọ àwọn ọmọ tó “ti sọnù” jọ sínú ìwé kan. Mo wà láàárín ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́wọ̀n àti òmíì tó ń fa igbó. Inú bí mi débi pé mo pe màmá lójú ẹsẹ̀. Mo ní èmi tí mò ń san owó ilé ìwé àbúrò mi, tí mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, èmi lẹ fi sáàárín àwọn wọ̀nyẹn? Ọmọ onínàákúnàá inú Bíbélì ná owó bàbá rẹ̀. Owó ta ni mo ná? Màmá tẹ́tí gbọ́ mi títí. Ó ní, “Wọn ò fi ìwà tò ó. Bí orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi tò ó.”

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú la ti ń sọ ọ́. Ìjẹ̀bú tí kò fẹ́ rí míṣọ́nnárì sójú títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ogun dé lọ́dún 1892! Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n, ilẹ̀kùn ṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, ọmọ ẹnì kan ni wọ́n. Wọ́n ní ìyá àti bàbá nílé, tó ń bọ ohun tí àwọn bàbá wọn bọ. Òjúdé Ọba tí gbogbo wa ń fi fọ́tò rẹ̀ yangàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn tuntun. Ká sọ ojú abẹ níkòó, ayẹyẹ àwọn ọmọ tó kúrò nínú ẹ̀sìn ilé wọn ni.

Ẹ sì wo ìdílé Ṣóyínká. Wole Ṣóyínká sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ Aké pé bàbá bàbá òun ní Ìsarà ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí òun ní ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ bàbá àgbà yìí ti di ọ̀gá ilé ìwé ìjọ ní Abẹ́òkúta, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì gba Jésù débi pé inú ìwé yẹn, “Wild Christian” lorúkọ tí ọmọ fún un. Bàbá àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣe tirẹ̀ sára ọmọ-ọmọ, ó jẹ́ kó máa lọ. Nígbà tí ọmọ-ọmọ náà dàgbà, Ògún ló yàn.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, Táí Ṣólàrín ò tilẹ̀ yan òrìṣà kankan. Ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àdúrà òwúrọ̀ àti orin ìsìn dá ìjà sílẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, sì dá Mayflower sílẹ̀ ní January 1956. Ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń sá tọ Ọlọ́run kiri lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1620 ni aláìgbàgbọ́ yìí fi sọ ilé ìwé lórúkọ! Òun náà ló kọ ọ́ sínú Daily Times, lọ́jọ́ kìíní ọdún 1964, pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí pálapàla. Ẹ rò ó wò, kí ìyá kan gbọ́ irú ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun. Mo fi orúkọ rẹ̀ gbèjà ara mi lọ́jọ́ kan. Màmá ní, “Táí Ṣólàrín kọ́ ilé ìwé. Ìwọ ńkọ́, kí lo kọ́?”

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ọdún Àjíǹde, mo bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ di onígbàgbọ́ nínú ẹbí wọn. Ó ní bàbá tó bí bàbá òun ni, òun sì bá a láyé. Mo ní, ìyá bàbá yẹn ńkọ́, kí ló ṣe? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní wọ́n ní ìyá náà ò bá a jà, ṣùgbọ́n títí tó fi kú, kò rúbọ kan láìdárúkọ ọmọ yẹn sí i, pé kó padà wálé.

“Kò sì padà,” ni mo wí.

“Kò padà. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú. Òun ló sin ìyá rẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ẹbọ yẹn ò dà?”

Mo ní ṣé ohun tí ìyá yẹn tọrọ nìyẹn. Ó ní kí n lọ bá òun ká aṣọ tó wà lórí okùn, òjò ti ṣú.