Etí Paul Bowles

Bí wọ́n bá dárúkọ Paul Bowles, The Sheltering Sky ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Mo ti kà á. Ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo fi ń pọ́n ọkùnrin náà lé.

Ọmọ New York ni, wọ́n bí i ní 1910, orin kíkọ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Òǹkọ̀wé Gertrude Stein ló ní kó lọ wo Tangier, ní Mòrókò, ní 1931. Ó lọ, ó padà. Nígbà tó tún lọ ní 1947, ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ títí tó fi kú ní 1999. Àwọn atẹ̀wé tó ti san owó àsansílẹ̀ fún un lórí The Sheltering Sky kò gba ìwé náà, wọ́n ní kì í ṣe ìtàn-àròsọ. London ló ti wá jáde ní 1949, ó sì tà wàràwàrà. Ojú olówó náà a máa ṣì í rí.

Etí ni Bowles ní jù. Ní 1959, ó gbé rẹ́kọ́dà kiri Mòrókò, ó ń gba orin ìbílẹ̀ sílẹ̀ fún Library of Congress. Etí yẹn ló gbé lọ sídìí Mohammed Mrabet, apẹja tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Mrabet á fa kif (igbó) rẹ̀, á máa pìtàn ní Lárúbáwá ìgboro Mòrókò, rẹ́kọ́dà á máa yí. Bowles á tún un gbọ́, á wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Love with a Few Hairs jáde ní 1967, Mrabet ni wọ́n pè ní òǹkọ̀wé. Bowles jẹ́ ògbufọ̀.

Àwa tí a mọ iye àlọ́ àti ìjálá tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn àgbà wa, tí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ kò sí níwájú ìwé, kò yẹ ká fojú kéré ìyẹn.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló yìn ín o. Mohamed Choukri, òǹkọ̀wé ọmọ Mòrókò tí Bowles túmọ̀ For Bread Alone rẹ̀ ní 1973, padà kọ odidi ìwé tó fi bẹnu àtẹ́ lù ú. Tahar Ben Jelloun, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ Mòrókò, kò fojúure wo iṣẹ́ ògbufọ̀ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó ni ẹ̀rọ, tó tún mọ àwọn atẹ̀wé New York, kò lè bá apẹja dọ́gba nídìí àdéhùn. Síbẹ̀, Bowles náà pàdánù ìwé tirẹ̀. Up Above the World, tó jáde ní 1966, ni ìtàn-àròsọ gígùn tó kọ kẹ́yìn.

Àjò ò dùn kí onílé má relé: Lakemont, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n sin eérú rẹ̀ sí, nítòsí àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì ka ìwé rẹ̀ kankan, ẹ fi ti Mrabet ṣíwájú.