Ìṣàgà Kò Sí Nínú Fíìmù

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ní ojúsàájú ni mò ń ṣe.

Mo gbádùn The Woman King tó jáde ní 2022. Viola Davis ṣe bẹbẹ níbẹ̀, John Boyega, ọmọ Yorùbá, ló sì ṣe Gezo, ọba Dahomey (ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀). Ohun tí n kò lè gbé mì ni bí wọ́n ṣe ja ogun inú rẹ̀. Àwọn jagunjagun obìnrin yẹn, àwọn Agojie, á fò sókè, wọ́n á fi àdá ṣá ọ̀tá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbọn ni ohun ìjà pàtàkì tí wọ́n gbé wá bá wa ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 1851. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀, wàá da ẹ̀tù sí i, wàá ki ọta sí i, wàá fi ọ̀pá tì í wọlé, kí o tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, ó tún di àtibẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi lè fara balẹ̀ ki tirẹ̀. Ẹni tó ń sáré bọ̀ ní gbangba kò ríbi fara pamọ́ sí. Ta ló fẹ́ sanwó wo akọni tó dúró tó ń ki ẹ̀tù?

Ọgbọ́n ogun tí Dahomey mọ̀ jù ni kí wọ́n rìn lóru, kí wọ́n yí ìlú ká, kí wọ́n sì ya wọ̀ ọ́ ní ìdájí nígbà tí oorun ṣì ń kun àwọn ènìyàn. Kí ló wá dé tí wọ́n fi kọlu Abẹ́òkúta lọ́sàn-án gangan? Ìṣàgà ni. Ìlú kékeré yìí wà lójú ọ̀nà wọn, kò sì lágbára láti dá wọn dúró. Wọ́n túúbá, wọ́n wá gba Dahomey nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ lọ́sàn-án, kí wọ́n sì gba apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Apá ibẹ̀ gan-an ni a ti tún odi ṣe.

Àwọn Agojie kì í ṣe ojo. Nígbà tí wọ́n tún padà wá ní 1864, díẹ̀ nínú wọn gun odi náà. Ní 1851, ibi tí wọ́n darí wọn sí ló burú.

Fíìmù tí mo fẹ́ wò ni ti àgbà kan ní Ìṣàgà, tó jókòó síwájú ọ̀gá ogun Dahomey, tó ń parọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò lè pa owó. Bóyá lóòótọ́ ni.

Nílé wa, Olúmọ ni wọ́n máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ogun yìí. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Ìṣàgà. Dahomey ní tiwọn kò gbàgbé. Ní 1862, Glele, ọmọ Gezo, kó ogun ja ìlú náà, ó pa nínú àwọn ará ibẹ̀, ó kó àwọn mìíràn lẹ́rú, ó sì sọ Ìṣàgà di ahoro.